Jáàkì ò já, mọ́tò ló yí: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan lábẹ́ ọkọ̀

Ọkùnrin tọ́rọ̀ yìí kàn kì í ṣe mẹkáníìkì, mi ò sì ní dárúkọ ẹ̀, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ yá. Òun fúnra ẹ̀ ló ń pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò ẹ̀, òun ló ń yọ bíréèkì pádì, ó ti ń ṣe é tipẹ́ láìsí wàhálà kankan. Mọ́tò kékeré ni, ọtomátíìkì, táyà iwájú ló ń fà á, ìwọ̀n ẹ̀ á máa lọ sí nǹkan bíi kílò 1,400. Rọ́bà tó bo orí ṣáàfù, ìyẹn irin gígùn tó ń gbé agbára láti gíàbọ́ọ̀sì lọ sára táyà, ti ya lápá òsì, gírísì ti fọ́n sí gbogbo inú rímù, tó bá sì ti ń kọ́nà á máa dún ka-ka-ka. Ó ra ṣáàfù tuntun, ó ní nílé lòun á ti pààrọ̀ ẹ̀.

Èmi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà o. Wọ́n pè mí lẹ́yìn ọ̀rẹyìn pé kí n wá bá wọn parí iṣẹ́ yẹn, mo ní kí òun àti àbúrò ẹ̀ tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n sọ gbogbo ẹ̀ fún mi bó ṣe tẹ̀ lé ara wọn, kí n sì wo ojú ibẹ̀. Torí gbogbo èèyàn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ pé jáàkì ló já. Mo yẹ jáàkì yẹn wò, kò séyín tó kán lára ẹ̀, ìrín ẹ̀ ò bó, ó ṣì ń gbé mọ́tò títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ibi tó páàkì sí, kọnkéré ni, ó le dáadáa, àmọ́ kò tẹ́jú. Ó rọra dagun, imú mọ́tò kọjú sí òkè, ìdí ẹ̀ wà nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dúró lásán ẹ ò ní mọ̀, àfi tẹ́ ẹ bá da omi sílẹ̀ kẹ́ ẹ wo ibi tó ń ṣàn lọ. Ó fi gíà sí P, ìyẹn páàkì, ó fa hánbíréèkì. Hánbíréèkì yẹn ti dẹ̀ tipẹ́, ó máa ń lọ títí dé òkè pátápátá kó tó mú, òun náà sì mọ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wa ọtomátíìkì kì í lo hánbíréèkì, P ni wọ́n gbójú lé, wọ́n á ní tó bá ti wà ní P ó parí. Kò fi nǹkan kan wẹ́ táyà ẹ̀yìn, ìyẹn ni pé kò fi igi tàbí òkúta há a kó má bàa yí.

Jáàkì kékeré inú búùtù ló fi gbé apá òsì iwájú. Ẹ mọ jáàkì yẹn, èyí tí wọ́n ń yí tó ń ga díẹ̀díẹ̀, tí ìdí ẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Pípààrọ̀ táyà tó jò lójú ọ̀nà ni wọ́n ṣe é fún, ìwé tó ń bá mọ́tò wá gan-an sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé kéèyàn má fi ara ẹ̀ sábẹ́ mọ́tò tí jáàkì yìí nìkan gbé. Ó ní sítáǹdì méjì nílé o, irin ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kì sábẹ́ mọ́tò kó lè dúró lé e lórí, èyí tí wọ́n kọ tọ́ọ̀nù 3 sí lára! Ó gbé ọ̀kan wá, ó fẹ́ kì í sábẹ́, kò wọlé. Sítáǹdì yẹn ti wálẹ̀ pátápátá, jáàkì kékeré náà sì ti ga dé ibi tágbára ẹ̀ mọ, ó ku bí ìka méjì. Ìka méjì yìí ló jẹ́ kó dá sítáǹdì padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Búlọ́ọ̀kù oníhò méjì ló gbé wá dípò ẹ̀, ó gbé pákó lé e lórí, ó ní tí jáàkì bá ṣe bí ẹni fẹ́ já, mọ́tò á bọ́ lé búlọ́ọ̀kù.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù yìí torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ṣe é. Búlọ́ọ̀kù lágbára nínú ògiri torí pé ẹrù orí ẹ̀ pín kárí gbogbo ojú ẹ̀, ó sì dúró jẹ́ẹ́. Abẹ́ mọ́tò ò rí bẹ́ẹ̀, etí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló máa gúnlẹ̀ sójú kan ṣoṣo, tó bá wá jẹ́ pé ṣe ló já lù ú, kò ní tẹ̀, kò ní sán kẹ́ẹ rí i kẹ́ ẹ sá, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa fọ́ túútúú. Irin á kọ́kọ́ tẹ̀, igi líle á kọ́kọ́ dún, búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀.

Ó yọ táyà. Àbúrò ẹ̀ rí i pé táyà yẹn dí ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ mọ́tò, ní ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn iwájú, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Kò rò ó pé nǹkan kan ni, ó kàn fẹ́ kí àyè wà ni. A máa padà sórí táyà yìí.

Nọ́ọ̀tì ńlá tó di ṣáàfù mú láàárín họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tí wọ́n ń de táyà mọ́, ló kàn. Nọ́ọ̀tì yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ nọ́ọ̀tì táyà o. Nọ́ọ̀tì táyà mọ́tò kékeré sábà máa ń wà ní nǹkan bíi Newton-metre 100, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń yí nọ́ọ̀tì, ti ṣáàfù lè tó ìlọ́po méjì ẹ̀ tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìpẹtà bá tún wá wà níbẹ̀ á ṣòro gan-an. Orí ilẹ̀ ló yẹ kéèyàn ti tú u, kó tó gbé mọ́tò rárá, nígbà tí táyà ṣì tẹ ilẹ̀ tẹ́nì kan sì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ó ti gbé mọ́tò sókè kó tó rántí. Ó ki sípánà bọ̀ ọ́, ó fi páìpù gùn ún, ó fi ara tì í. Nọ́ọ̀tì ò tú, họ́ọ̀bù ló yí, mọ́tò sì sún sẹ́yìn.

Díẹ̀ ni ó sún, àmọ́ jáàkì ti fì. Àbúrò ẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò ti sún o, ẹ wo jáàkì.” Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó ní ó ti dúró báyìí, kí àbúrò lọ wọ inú mọ́tò kó bá òun tẹ bíréèkì. Àbúrò tẹ bíréèkì, nọ́ọ̀tì tú, inú ẹ̀gbọ́n dùn, àbúrò bọ́ sílẹ̀. Jáàkì ṣì fì bẹ́ẹ̀.

Lójú tèmi ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, kì í ṣe ìgbà tí mọ́tò já lu èèyàn. Mọ́tò tó wà ní P sún sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó bi ara ẹ̀ pé báwo ni mọ́tò tó wà ní P ṣe ń rìn?

Báyìí ló ṣe ń rìn. P máa ń fi eyín kan há nǹkan nínú gíàbọ́ọ̀sì, àmọ́ eyín yẹn ò dé ara táyà. Differential ló wà láàárín wọn, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó jẹ́ kí táyà òsì àti tọ̀tún lè máa yí ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ téèyàn bá ń kọ́nà. Tí P bá ti há, ọ̀nà kan ṣoṣo tí táyà méjèèjì fi lè yí ni kí ọ̀kan lọ síwájú kí èkejì lọ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Tí àwọn méjèèjì bá wà nílẹ̀, ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀, mọ́tò á dúró gbọnyin. Ẹ wá gbé ọ̀kan kúrò nílẹ̀. Èyí tó wà lókè ti lè yí bó ṣe wù ú, nítorí náà èyí tó wà nílẹ̀ náà ti lè yí. Gíà ṣì wà ní P, iná P ṣì ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, àmọ́ P ò di nǹkan kan mú mọ́.

Ọkùnrin yìí tún wá fi ọwọ́ ara ẹ̀ tì í. Tẹ́ ẹ bá ń tú nọ́ọ̀tì táyà òsì, ọ̀nà tẹ́ ẹ máa yí i sí, ọ̀nà kan náà ni táyà yẹn ń yí sí tí mọ́tò bá ń lọ síwájú. Họ́ọ̀bù òsì yí síwájú, differential bá yí táyà ọ̀tún tó wà nílẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀yìn sì ni ilẹ̀ dà sí. Páìpù tó fi gùn sípánà ló wa mọ́tò náà sẹ́yìn.

Kí ló wá ń di mọ́tò mú nígbà tó dúró padà? Nǹkan méjì péré. Ìkíní, bíréèkì pádì tó máa ń ha ara dísìkì díẹ̀ lára họ́ọ̀bù tó wà lókè, ìyẹn ò jẹ́ kó yí fàlàlà. Ìkejì, hánbíréèkì tó ti dẹ̀.

Ó tú bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, oríkèé tó so họ́ọ̀bù mọ́ irin abẹ́ mọ́tò, ó fa họ́ọ̀bù síta, ó yọ orí ṣáàfù kúrò nínú ẹ̀. Bó ṣe yọ ọ́ báyìí, dísìkì àti ṣáàfù ti pínyà, ìkíní ti lọ. Ó wá ku hánbíréèkì nìkan, àti jáàkì tó fì, lórí ilẹ̀ tó dagun.

Orí kejì ṣáàfù wà nínú gíàbọ́ọ̀sì, kúróbà, irin gígùn tí wọ́n fi ń wọ́ nǹkan jáde, ni wọ́n fi máa ń yọ ọ́. Ọwọ́ ẹ̀ ò tó o láti ẹ̀gbẹ́, ó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó wọ abẹ́ mọ́tò. Ó ki kúróbà bọ ibi tí ṣáàfù ti pàdé gíàbọ́ọ̀sì, ó wọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò jáde. Ó wọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì tagbára-tagbára.

Ṣáàfù jáde, mọ́tò sì yí. Àbúrò ẹ̀ sọ fún mi pé òun ò gbọ́ ariwo kankan lára jáàkì, òun kàn rí i pé mọ́tò ń lọ sẹ́yìn jẹ́jẹ́, ibi tó lọ ò tó ẹsẹ̀ bàtà kan, jáàkì dojú dé tẹ̀ lé e, ó sì balẹ̀ gbì. Búlọ́ọ̀kù fọ́ dà nù, kò dá a dúró rárá. Etí mọ́tò gúnlẹ̀ lórí táyà tí àbúrò fẹsẹ̀ tì sábẹ́. Táyà tó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú rímù nínú ẹ̀ máa ń ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20, àyè yẹn ló kù sílẹ̀ fún un. Irin abẹ́ mọ́tò tẹ èjìká àti apá ẹ̀ òsì mọ́lẹ̀, kò kan àyà. Ó pariwo.

Ariwo yẹn, ìròyìn ayọ̀ ni. Apá iwájú irú mọ́tò yìí ló wúwo jù, ìgun iwájú kan ṣoṣo lè gbé nǹkan bíi kílò 400. Tí ìyẹn bá bà lé àyà èèyàn, àyà ò ní lè fẹ̀ láti fa èémí, ẹni náà ò sì ní lè pariwo, ìṣẹ́jú mélòó kan ló ní. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ lábẹ́ mọ́tò tó rò pé òun á kàn pe aládùúgbò tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ohùn dà?

Àbúrò kọ́kọ́ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, ó ṣe dáadáa. Àwọn aládùúgbò ti sáré dé, àwọn mẹ́ta sì ti dì mọ́ mọ́tò láti fọwọ́ gbé e. Bàbá kan tó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù rí ló jágbe mọ́ wọn: “Ẹ fọwọ́ kúrò! Ẹ kọ́kọ́ wẹ́ táyà ẹ̀yìn!” Mo rò pé ọ̀rọ̀ bàbá yìí ló gbà á là lẹ́ẹ̀kejì. Mọ́tò yẹn ò dúró lórí nǹkan kan tó dájú, ilẹ̀ ṣì dagun, ká ní wọ́n gbé e sókè díẹ̀ ni, á tún yí sẹ́yìn, apá tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni ì bá wọ́ lọ. Wọ́n fi igi wẹ́ táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Bàbá ní kí wọ́n lọ gbé jáàkì onítáyà tó ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́ wá nílé òun, wọ́n gbé e sábẹ́ ibi tó le, wọ́n pọ́ǹpù ú díẹ̀, wọ́n ki igi bọ abẹ́ mọ́tò, wọ́n tún pọ́ǹpù díẹ̀, wọ́n tún ki igi bọ̀ ọ́. Gbogbo ibi tí mọ́tò bá ga dé ni igi ń tẹ̀ lé e dé, tó fi jẹ́ pé tí jáàkì bá tilẹ̀ yọ̀, kò ní padà já lu ẹni tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n fà á jáde, ó fẹ́ dìde, bàbá ní kó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí áńbúláǹsì á fi dé.

Egungun èjìká tó wà lápá iwájú ló kán, apá sì wú. Ilé ìwòsàn dá a dúró láti máa ṣọ́ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ìyẹn sì ya àwọn ará ilé lẹ́nu pé ṣebí apá lásán ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1941 ni àwọn dókítà méjì, Bywaters àti Beall, kọ ìwé nípa àwọn tí ilé wó lù ní London nígbà tí wọ́n ń ju bọ́ǹbù síbẹ̀, wọ́n yọ àwọn èèyàn jáde, ara wọn dà bí ẹni pé ó yá, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ kíndìnrín wọn daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹran ara tí nǹkan wúwo tẹ̀ pẹ́ máa ń tú májèlé sínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹrù bá ti kúrò lórí ẹ̀. Nítorí náà tí mọ́tò bá tẹ ẹnikẹ́ni, kódà kó jẹ́ ẹsẹ̀, tó sì ń rìn tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Nígbà tí mo dé láti parí iṣẹ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àga pẹ̀lú apá tí wọ́n fi aṣọ gbé kọ́ ọrùn, ó ní òun fẹ́ máa wò. Mo ní ó dáa, gbogbo nǹkan tí mo bá ṣe, ẹ bi mí ìdí ẹ̀.

A kọ́kọ́ ti mọ́tò lọ síbi tó tẹ́jú. Ọ̀pọ̀ èèyàn á fo èyí torí mọ́tò ò ṣeé wà, táyà òsì ò ní ṣáàfù, àmọ́ mi ò mọ nǹkan kan tó lè rọ́pò ilẹ̀ tó tẹ́jú. Mo fún okùn hánbíréèkì kó tó di pé mo fọwọ́ kan jáàkì, ó wá ń mú ní nǹkan bí eyín márùn-ún. Mo wẹ́ táyà ẹ̀yìn méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. Torí iwájú la fẹ́ gbé, ẹ̀yìn nìkan ló kù tó máa di mọ́tò mú. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn lẹ fẹ́ gbé, hánbíréèkì ti lọ nìyẹn torí lára táyà ẹ̀yìn ló wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, iwájú lẹ máa wá wẹ́. Mọ́tò tó sì jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ló ń fà á, tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀yìn ẹ̀ sókè, P àti hánbíréèkì jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà ni, wẹ́ẹ̀jì iwájú nìkan ló kù láàárín ẹ̀yin àti ọ̀run.

Jáàkì onítáyà ni mo lò. Ẹ̀gbọ́n bi mí pé kí ló dé tí mo ń wo táyà jáàkì bí mo ṣe ń pọ́ǹpù. Apá jáàkì yẹn kì í lọ sókè gbọọrọ, ńṣe ló ń tẹ̀ kọrọdọ, nítorí náà bó ṣe ń ga, jáàkì gbọ́dọ̀ lè yí wọ abẹ́ mọ́tò díẹ̀. Tí òkúta bá há táyà ẹ̀, tàbí tó bá wà lórí iyẹ̀pẹ̀ tó rì, mọ́tò ló máa fà wá sọ́dọ̀ ara ẹ̀ dípò.

Sítáǹdì méjèèjì tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri látọjọ́ yìí wọlé wẹ́rẹ́. Abẹ́ etí mọ́tò níbi tí wọ́n fi irin kún ni mo gbé wọn sí, kì í ṣe abẹ́ páànù ọ́ìlì, kì í ṣe ibi tí irin ti fẹ́lẹ́. Mo tú jáàkì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹrù fi bọ́ sórí sítáǹdì, mo wá fi ọwọ́ méjèèjì mi mọ́tò láti ẹ̀gbẹ́, mo mì ín gan-an, bí ẹni ń bá a jà. Sítáǹdì ọ̀tún dún kọ́! ó sì wálẹ̀ díẹ̀. Eyín ẹ̀ ò tíì jókòó dáadáa. Àyà ẹ̀gbọ́n já, ó ní, “Tó bá jẹ́ pé ẹ ti wà lábẹ́ ẹ̀ ńkọ́?” Torí ẹ̀ la ṣe ń mì ín ká tó wọlé. A tún gbé e, mo yẹ eyín wò pẹ̀lú iná fóònù, mo tún mì ín. Ẹ má rò pé irin tuntun ò lè ní irú àlébù yìí o, lọ́dún 2020 ní Amẹ́ríkà wọ́n ní káwọn èèyàn dá sítáǹdì tọ́ọ̀nù 3 àti tọ́ọ̀nù 6 kan padà lọ́pọ̀ yanturu torí pé eyín wọn lè yọ̀ tẹ́rù bá wà lórí ẹ̀, èyí tí wọ́n tún fi pààrọ̀ fáwọn kan, wọ́n tún pè é padà torí pé ibi tí wọ́n ti jó irin ẹ̀ pọ̀ ní àlébù.

Mo dá jáàkì padà sábẹ́ kó kàn fara kan mọ́tò, mo ki táyà tá a yọ sábẹ́ etí mọ́tò, lọ́tẹ̀ yìí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Lẹ́yìn náà ni mo wọlé. Nígbà tí mo fẹ́ dán ṣáàfù tuntun wò bóyá ó ti kì dáadáa, mo fà á pẹ̀lú ọwọ́, mi ò lo kúróbà, agbára tó pọ̀ lábẹ́ mọ́tò kì í ṣe nǹkan téèyàn fi ń ṣeré. Àbúrò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kó máa wo mọ́tò, kó má wo mi. Mo sọ fún un pé tó bá ti rí i pé nǹkan kan sún, bó ti wù kó kéré mọ, kó pariwo, mo máa jáde, a ò ní jiyàn.

Iṣẹ́ ṣáàfù fúnra ẹ̀ ò gba àkókò kankan. Nígbà tá a fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, mo dá táyà padà, mo fọwọ́ mú nọ́ọ̀tì ẹ̀, mo yọ sítáǹdì, a sọ mọ́tò sílẹ̀. Orí ilẹ̀ ni mo ti wá fún nọ́ọ̀tì táyà gírígírí, orí ilẹ̀ náà ni mo ti fún nọ́ọ̀tì ńlá àárín, àbúrò tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Àbúrò ti ń na ọwọ́ sí wẹ́ẹ̀jì láti kó o kúrò, ẹ̀gbọ́n ní kó fi í sílẹ̀, kó kọ́kọ́ kó irinṣẹ́ tó kù lábẹ́ mọ́tò jáde.